Àwọn Ọmọ Àméníà ní Ìdálẹ̀: Ìbéèrè àti Ìdáhùn nípa Ìgbé Ayé, Èdè àti Ìjà Ẹ̀tọ́ Wọn

Bí oṣù Kẹrin bá ti ń lọ sópin, àwọn èèyàn a máa rí ìwọ́de àwọn ọmọ Àméníà lórí tẹlifíṣọ̀n, ní Los Angeles, ní Paris, ní Beirut. Wọ́n á wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn tí ọkàn wọn kò fi kúrò níbẹ̀ láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Ìbéèrè náà tọ́, ṣùgbọ́n ìwọ́de kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ wà nínú àwọn ọjọ́ yòókù: ilé ìwé, ṣọ́ọ̀ṣì, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, àti èdè tó ń fẹ́ bọ́ lẹ́nu àwọn ọmọ wọn. Èrò tèmi ni pé bí ìyẹn bá bàjẹ́, kò sí òfin kankan tí Washington tàbí Paris lè fọwọ́ sí tó máa tún un ṣe. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa pẹ́ lórí àwọn ìbéèrè kan ju àwọn mìíràn lọ.

Ta ni à ń pè ní ọmọ Àméníà ìdálẹ̀, ibo ni wọ́n sì wà?

Orílẹ̀-èdè Àméníà kò tóbi. Ó wà láàárín Tọ́kì, Georgia, Azerbaijan àti Ìránì, àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ sì tó mílíọ̀nù 3. Àwọn tó wà káàkiri ayé ju ìyẹn lọ dáadáa. Mílíọ̀nù 7 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń dá. Rọ́ṣíà ni wọ́n pọ̀ sí jù. Wọ́n pọ̀ ní Amẹ́ríkà, pàápàá ní Los Angeles, Glendale àti Fresno ní ìpínlẹ̀ California, àti ní Watertown ní Massachusetts. Ní Faransé, wọ́n wà ní Marseille, Lyon, àti Alfortville tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Paris. Ẹ tún máa bá wọn ní Lẹ́bánónì, Síríà, Ìránì, Georgia àti Ajẹntínà.

Àwọn ti Istanbul yàtọ̀ díẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn kì í fẹ́ kí a ka àwọn mọ́ ará ìdálẹ̀, nítorí pé àwọn baba wọn ti wà nílùú náà kí orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní tó dé rárá.

Ṣé ìpẹ̀yàrun ọdún 1915 ló lé gbogbo wọn jáde nílé?

Rárá. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń rìn. Ní nǹkan bí ọdún 1604, Shah Abbas, ọba Páṣíà, kó àwọn ará Julfa kúrò ní ìlú wọn lọ sí Isfahan. Àdúgbò tí wọ́n tẹ̀ dó síbẹ̀, New Julfa, di ibùdó àwọn oníṣòwò sílíkì tí ọjà wọn dé Yúróòpù àti Íńdíà. Ìlú Madras ní Íńdíà ni wọ́n ti tẹ ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ní èdè Àméníà, Azdarar, ní ọdún 1794. Àdúgbò tiwọn ní Jerúsálẹ́mù tún dàgbà ju gbogbo ìyẹn lọ.

Ṣùgbọ́n àwọn tó kún Beirut, Marseille àti Boston, 1915 ni orísun wọn. Ní òru ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún náà, ìjọba Ottoman, ìyẹn ìjọba tó wà kí Tọ́kì òde òní tó dé, kó àwọn òǹkọ̀wé, aṣòfin, olùkọ́ àti àlùfáà ọmọ Àméníà ní Istanbul. Wọ́n pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, láti abúlé dé abúlé, wọ́n ya àwọn ọkùnrin sọ́tọ̀, wọ́n pa wọ́n, wọ́n sì da àwọn obìnrin, arúgbó àti ọmọdé sójú ọ̀nà aṣálẹ̀ Síríà ní ẹsẹ̀, lọ sí ìhà Deir ez-Zor, láìsí oúnjẹ, láìsí omi. Mílíọ̀nù kan àti ààbọ̀ ni iye òkú tí wọ́n sábà máa ń dárúkọ. Wọ́n tún kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọdé sínú ilé àwọn Tọ́kì àti Kurd, wọ́n yí orúkọ àti ẹ̀sìn wọn padà. Títí di òní, àwọn kan ní Tọ́kì ń ṣàwárí pé ọmọ Àméníà ni ìyá ìyá àwọn.

Báwo ni àwọn tó ṣẹ́ kù ṣe di àwùjọ?

Ibí yìí ló wù mí kí ẹ wò dáadáa. Àwọn tó dé Aleppo àti Beirut kò ní ju aṣọ ọrùn wọn lọ, ọmọ òrukàn sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ní Beirut, inú àgọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wà lẹ́bàá èbúté. Nígbà tó yá, wọ́n ra ilẹ̀ àbàtà ní òdìkejì odò Beirut, wọ́n kọ́lé sí i. Ìlú Bourj Hammoud nìyẹn. Kì í ṣe pé àwọn èèyàn ṣáà kóra jọ síbẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Àwọn tó wá láti Marash gbé pọ̀, wọ́n sọ àdúgbò wọn ní Nor Marash, ìyẹn Marash Tuntun. Àwọn ará Sis ní Nor Sis, àwọn ará Adana ní Nor Adana. Wọ́n dá ẹgbẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àwa náà ṣe máa ń ṣe níbikíbi tí a bá dé. Owó ẹgbẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ilé ìwé, òun náà ni wọ́n fi sin òkú.

Ìtàn àwọn ará Musa Dagh tún yàtọ̀. Abúlé mẹ́fà ni wọ́n. Ní 1915 wọ́n kọ̀ láti lọ, wọ́n gun orí òkè lọ jagun, títí ọkọ̀ ojú omi ogun Faransé fi wá kó wọn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní wọ́n padà sílé, ṣùgbọ́n ní 1939 Faransé, tó ń ṣàkóso ibẹ̀ nígbà náà, yọ̀ǹda agbègbè náà fún Tọ́kì, wọ́n sì tún di ogúnléndé. Àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì ni wọ́n gbà, níbi tí wọ́n ń pè ní Anjar. Wọ́n pín ìlú náà sí àdúgbò mẹ́fà, wọ́n sì fi orúkọ abúlé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sọ wọ́n.

Lónìí, ìjókòó mẹ́fà ló jẹ́ ti àwọn ọmọ Àméníà ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Lẹ́bánónì. Ogun abẹ́lé tó jà níbẹ̀ láti 1975 sí 1990 ló wá tú ọ̀pọ̀ wọn ká lọ sí California, Kánádà àti Faransé.

Ṣé wọ́n dé ilẹ̀ Áfíríkà?

Wọ́n dé. Nubar Pasha, olóòtú ìjọba àkọ́kọ́ ní Íjíbítì lọ́dún 1878, ọmọ Àméníà ni. Ọmọ rẹ̀, Boghos Nubar, ló ṣáájú nígbà tí wọ́n dá AGBU sílẹ̀ ní Cairo ní 1906, ẹgbẹ́ aláàánú tó tóbi jù lára ẹgbẹ́ wọn títí di òní. Ní 1924, Ras Tafari, ẹni tó di Haile Selassie, lọ sí Jerúsálẹ́mù, ó rí àwọn ọmọ òrukàn 40 tí wọ́n ń fọn fèrè bàbà, ó sì kó wọn lọ sí Addis Ababa. Kevork Nalbandian, olùkọ́ orin wọn, ló kọ ohùn orin orílẹ̀-èdè Ethiópíà tí wọ́n ń lò títí ìjọba ọba fi parí ní 1974. Ó dùn mọ́ mi pé àwọn ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ orin òde òní nílẹ̀ Ethiópíà.

Kí nìdí tí ṣọ́ọ̀ṣì fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀ fún wọn?

Àwọn Àméníà gbà pé ọdún 301 ni ọba wọn sọ ẹ̀sìn Kristi di ẹ̀sìn ilẹ̀ náà, ṣáájú Róòmù. Nígbà tí wọn kò ní ìjọba tiwọn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, Ìjọ ló dúró bí ìjọba. Ẹni tí kì í lọ sí ìsìn rárá ṣì lè fẹ́ kí àlùfáà Àméníà ṣe ìrìbọmi fún ọmọ rẹ̀. Ọjọ́ 6 oṣù Kìíní ni Kérésìmesì wọn.

Ṣùgbọ́n Ìjọ náà ti pín wọn níyà. Olórí gbogbogbòò wà ní Etchmiadzin ní Àméníà, òmíràn tí wọ́n ń pè ní ti Cilicia wà ní Antelias ní Lẹ́bánónì. Nígbà tí Àméníà wà lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́tì, àwọn kan gbà pé Etchmiadzin ti di ti Kọ́múníìsì, àwọn kan ní ibi mímọ́ ni síbẹ̀. Ní 1933, bíṣọ́ọ̀bù àgbà Ghevont Tourian kọ̀ láti sọ̀rọ̀ níwájú àsíá oríṣi àwọ̀ mẹ́ta ti Àméníà olómìnira tó wà kí Sófíẹ́tì tó gbà á, ní Chicago. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá ọdún yẹn, wọ́n gún un pa nínú ṣọ́ọ̀ṣì ní New York, níwájú àwọn ìjọ. Láti ìgbà náà ni ìpín méjì ti wà ní Amẹ́ríkà, ìlú kan náà sì lè ní ṣọ́ọ̀ṣì Àméníà méjì tí ìgbàgbọ́ wọn kò yàtọ̀ rárá. Sófíẹ́tì ti lọ, ìpín náà kò lọ. Mi ò rí ìdí kankan mọ́ tó fi yẹ kó wà.

Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú wọn ńkọ́?

Mẹ́ta ló ti wà tipẹ́: Hunchak tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Geneva ní 1887, Dashnak ní Tiflis ní 1890, àti Ramgavar ní 1921. Ní ìdálẹ̀, ẹgbẹ́ òṣèlú kì í ṣe ti ìbò nìkan. Dashnak ní àwọn tó súnmọ́ ọn: Homenetmen fún eré ìdárayá àti síkáòtù, Hamazkayin fún àṣà àti eré orí ìtàgé. AGBU sì máa ń fà sí ìhà kejì. Torí náà, ibi tí ọmọ kan ti kọ́ gbígbá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ lè sọ fún ẹ irú ìwé ìròyìn tí bàbá àgbà rẹ̀ máa ń kà.

Kí ló ń ṣe èdè wọn?

Ọ̀nà méjì ni èdè Àméníà pín sí. Ti Ìlà-oòrùn ni wọ́n ń sọ ní Àméníà fúnra rẹ̀, ní Rọ́ṣíà àti Ìránì. Ti Ìwọ̀-oòrùn ni èdè àwọn tó sá fún 1915: Istanbul, Beirut, Aleppo, Marseille, Boston. Òun ni kò ní ìjọba kankan lẹ́yìn. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń fi í ṣe òfin tàbí tó ń fi í dá ẹjọ́. Ní 2010, UNESCO kà á mọ́ àwọn èdè tó wà nínú ewu pé wọ́n lè kú.

Lẹ́bánónì àti Síríà ni agbára rẹ̀ wà, nítorí pé níbẹ̀ ni àwọn ọmọ ti ń lọ sí ilé ìwé Àméníà láti àárọ̀ Ọjọ́ Ajé. Ogun Síríà tú Aleppo ká láti 2012, ètò ọrọ̀ ajé Lẹ́bánónì dojú dé lẹ́yìn 2019, ìbúgbàmù èbúté Beirut ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ 2020 sì ba Bourj Hammoud náà jẹ́. Gbogbo ìdílé tó bá kó kúrò níbẹ̀ lọ sí Los Angeles tàbí Montreal ni ọmọ rẹ̀ lè bọ́ láti ilé ìwé ojoojúmọ́ sí ilé ìwé ọjọ́ Sátidé. Wákàtí mélòó kan lọ́sẹ̀ kò lè sọ ọmọ di ẹni tó ń rónú ní èdè kan. Ó lè kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì tí Mesrop Mashtots ṣe ní ọdún 405, ó lè kọ́ ọ ní ewì àti orin, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ bá jáde sí àgbàlá láti ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì tàbí Faransé ni wọ́n fi ń pe ara wọn.

Ọ̀rọ̀ ilé ìwé Melkonian ní Nicosia, Cyprus, ṣì ń dun ọ̀pọ̀ nínú wọn. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò méjì tó ń ṣòwò tábà ní Íjíbítì ló fi owó wọn sílẹ̀ fún un. 1926 ló bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ òrukàn ló sì kọ́kọ́ wọ̀ ọ́. Ilé ìwé tí ọmọ ń gbé inú rẹ̀ ni, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń wá láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi, èdè Àméníà Ìwọ̀-oòrùn sì ni ohun tó pa wọ́n pọ̀. Olùkọ́ àti olóòtú ìwé ìròyìn ló ń tibẹ̀ jáde. AGBU tì í pa ní 2005. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ ṣe ìwọ́de, wọ́n lọ sí kóòtù, kò yí i padà. Láti ibi tí mo dúró sí, ìyẹn burú ju ọ̀pọ̀ ìjákulẹ̀ tí wọ́n ti rí nínú òṣèlú lọ, nítorí pé ọwọ́ ara wọn ni ó ti wá.

Iṣẹ́ ṣì ń lọ. Àjọ Calouste Gulbenkian ní Lisbon ń náwó lé èdè Ìwọ̀-oòrùn lórí gidigidi: ìwé ọmọdé, ìdálẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́, àgọ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọmọ ti ń fi èdè náà ṣeré dípò kí wọ́n máa fi ṣe ìdánwò nìkan. Ọ̀nà yẹn ló dá mi lójú jù.

Ṣé ẹni tí kò gbọ́ èdè náà ṣì jẹ́ ọmọ Àméníà?

Ẹ bi márùn-ún nínú wọn, ẹ máa gbọ́ ju ìdáhùn márùn-ún lọ. Ní Glendale nìkan, ọmọ Beirut, ọmọ Tehran tó dé lẹ́yìn 1979, àti ọmọ Yerevan tó dé nígbà tí Sófíẹ́tì ń tú ká lè máa gbé òpópónà kan náà kí ohùn wọn yàtọ̀, kí oúnjẹ wọn yàtọ̀, kí ọ̀kan sì máa ronú pé òun ni ojúlówó. Ní Fresno, ẹ máa rí ìran kẹrin tí orúkọ wọn ṣì parí sí "-ian" tí wọn kò lè kọ lẹ́tà kan. Ìyá àgbà wọn ti kọ́ wọn ní sísè dólímà àti lahmajun, wọ́n sì ń wá síbi ìrántí lọ́dọọdún. George Deukmejian tó jẹ́ gómìnà California láti 1983 sí 1991 kò gbé ní Àméníà rí, síbẹ̀ kò sí ẹni tó sọ pé kì í ṣe tiwọn. Àwọn tó ń lé ọmọ sẹ́yìn nítorí pé òyìnbó ni ìyá rẹ̀ ń ba ilé ara wọn jẹ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní Hay Tahd?

Ìyẹn ni ọ̀rọ̀ Àméníà gẹ́gẹ́ bí ẹjọ́ tí wọ́n gbé lọ síwájú ayé: kí àwọn ìjọba gbà pé ìpẹ̀yàrun ni 1915, kí Tọ́kì jẹ́wọ́, kí wọ́n ṣe àtúnṣe. Àádọ́ta ọdún àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ìdákẹ́jẹ́. Ní 1965, Yerevan kún fún ìwọ́de tí Moscow kò retí, ọdún yẹn náà ni Uruguay di orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó gbà á. Wọ́n parí ilé ìrántí Tsitsernakaberd ní Yerevan ní 1967, ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gbé òmíràn dúró ní Montebello ní California. Faransé ṣe òfin lórí rẹ̀ ní 2001. Ilé aṣòfin Jámánì gbà á ní 2016.

Ti Amẹ́ríkà ló pẹ́ jù, nítorí pé Tọ́kì jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn nínú NATO. Àwọn ẹgbẹ́ bíi ANCA, àti Armenian Assembly tí òun bẹ̀rẹ̀ ní 1972, ni wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún lọ láti ọ́fíìsì aṣòfin kan sí òmíràn. Agbára wọn kì í ṣe owó nìkan. Wọ́n mọ àgbègbè ìdìbò tí wọ́n ti pọ̀, wọ́n ń kọ lẹ́tà, wọ́n ń fún aṣòfin kọ̀ọ̀kan ní máàkì lórí bó ṣe dìbò, wọ́n sì ń gbé máàkì náà síta kí ìbò tó dé. Adam Schiff, tó ń ṣojú agbègbè Glendale nígbà náà, ló gbé àbá 2019 wá. Ilé ìgbìmọ̀ aṣojú gbà á pẹ̀lú ìbò 405 sí 11, àwọn sẹ́nétọ̀ tẹ̀lé wọn ní oṣù Kejìlá. Ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin 2021, Ààrẹ Biden sọ ọ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìpẹ̀yàrun.

Ṣé wọ́n ti lo ìwà ipá rí?

Àwọn kan lò ó. Ní oṣù Kìíní 1973, àgbàlagbà kan tí ìpẹ̀yàrun ti gba ẹbí rẹ̀, Gourgen Yanikian, pa aṣojú ìjọba Tọ́kì méjì ní Santa Barbara. Ẹgbẹ́ agbébọn ASALA, tó bẹ̀rẹ̀ ní Beirut ní 1975, àti àwọn mìíràn pa ọ̀pọ̀ aṣojú Tọ́kì lẹ́yìn ìyẹn. Bọ́ǹbù tí ASALA jù ní pápákọ̀ òfurufú Orly ní Paris ní 1983 pa èèyàn mẹ́jọ tí kò mọ nǹkan kan. Àwọn kan ní àwùjọ náà ṣì ń fi ìyìn sọ̀rọ̀ wọn. Èmi ò lè bá wọn yìn ín: ẹ̀jẹ̀ àwọn arìnrìn-àjò kò sanwó 1915.

Kí ni Tọ́kì ń sọ?

Ìjọba Tọ́kì gbà pé ọ̀pọ̀ ọmọ Àméníà kú nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ṣùgbọ́n ó kọ̀ pé ìpẹ̀yàrun ni. Kì í ṣe gbogbo ará Tọ́kì ló gbà bẹ́ẹ̀. Hrant Dink, ọmọ Àméníà tó jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn Agos ní Istanbul, kọ̀wé sí àwọn ará ìdálẹ̀ pé kí wọ́n má jẹ́ kí ìbínú sí Tọ́kì di ohun tó ń sọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Kóòtù yí ọ̀rọ̀ yẹn gan-an padà, ó ní ó bú ẹ̀yà Tọ́kì. Wọ́n yìnbọn pa á níwájú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Kìíní 2007. Èrò tó lé ní 100,000 ló sin ín, Tọ́kì sì ni èyí tó pọ̀ jù, wọ́n gbé àkọlé pé ọmọ Àméníà ni gbogbo àwọn.

Báwo ni àárín wọn àti orílẹ̀-èdè Àméníà ṣe rí?

Ìfẹ́ wà, àṣìgbọ́ náà wà. Láti 1946 sí 1948, nǹkan bí 90,000 èèyàn kó ẹrù wọn láti Lẹ́bánónì, Síríà, Ìránì, Gíríìsì àti Faransé padà sí Àméníà Sófíẹ́tì. Òṣì ni wọ́n bá níbẹ̀, àwọn ìdílé kan sì di ẹni tí wọ́n kó lọ sí Siberia ní 1949. Ìsẹ̀lẹ̀ Spitak ní oṣù Kejìlá 1988, tó pa nǹkan bí 25,000 èèyàn, ló ṣí ilẹ̀kùn padà: gbogbo àwùjọ dá owó, Charles Aznavour, gbajúmọ̀ olórin Faransé tó jẹ́ ọmọ Àméníà, kó àwọn olórin Faransé jọ. Nígbà tí òmìnira dé ní 1991, Raffi Hovannisian tí wọ́n bí ní Fresno di mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè àkọ́kọ́. Ìwé ọmọ ìlú méjì ti wà lábẹ́ òfin láti 2007, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ dìbò ní láti wọkọ̀ òfurufú wálé.

Kí ni 2020 àti 2023 ṣe fún wọn?

Ogun ọjọ́ 44 pẹ̀lú Azerbaijan lórí Karabakh, agbègbè àwọn ọmọ Àméníà nínú Azerbaijan tí àwọn fúnra wọn ń pè ní Artsakh, gba apá tó pọ̀ lọ́wọ́ wọn ní 2020. Ní oṣù Kejìlá 2022 ọ̀nà kan ṣoṣo tó wọ ibẹ̀ di títì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2023 Azerbaijan kọlù wọ́n, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan àwọn èèyàn tó lé ní 100,000 sá lọ sí Àméníà. Ọ̀nà, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tí owó ìdálẹ̀ kọ́ láti ogún ọdún ó lé, gbogbo rẹ̀ ló wà lẹ́yìn báyìí.

Ìjà tó ń lọ báyìí, àárín ara wọn ni. Ìjọba Nikol Pashinyan ní Yerevan fẹ́ àlàáfíà pẹ̀lú Azerbaijan, ó sì fẹ́ kí ibodè Tọ́kì tó ti wà ní títì láti 1993 ṣí. Ní oṣù Kẹjọ 2025 àwọn mínísítà ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè orílẹ̀-èdè méjèèjì fi lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn sí àkọsílẹ̀ àdéhùn àlàáfíà ní Washington. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ìdálẹ̀ ní kí wọ́n kọ́kọ́ dá àwọn ọmọ Àméníà tó wà lẹ́wọ̀n ní Baku, olú ìlú Azerbaijan, sílẹ̀, kí ẹ̀tọ́ àwọn ará Artsakh láti padà sílé má sì di ohun ìgbàgbé. Ẹni tó ń gbé nítòsí ibodè náà ló máa gba ìbọn bí ogun bá dé, mo sì rò pé ó yẹ kí ará Glendale rántí ìyẹn kó tó pariwo. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ wà lẹ́yìn ibodè yẹn náà lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀.

Aládùúgbò mi ni wọ́n. Ṣé mo lè lọ bá wọn níbi ìrántí?

Ẹ lọ. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ni, òdòdó ni wọ́n máa ń gbé síwájú òkúta ìrántí, àlùfáà á gbàdúrà, wọ́n á kọrin. Àwọ̀ elésè-àlùkò lára báàjì òdòdó tí ẹ máa rí láyà wọn ti wà láti ọgọ́rùn-ún ọdún ìrántí ní 2015. Ẹ má bá wọn jiyàn bóyá ó ṣẹlẹ̀. Ẹ bi wọ́n ní ìlú tí àwọn òbí àgbà wọn ti wá: Van, Kharpert, Marash, Zeytun; ẹni tó bá mọ̀ ọ́n máa fẹ́ sọ ọ́. Bí ìrántí bá ṣòro fún yín láti lọ, ẹ lọ síbi bàsá ṣọ́ọ̀ṣì wọn. Ọ̀fẹ́ ni ìwọlé sábà máa ń jẹ́, owó oúnjẹ tí ẹ bá sì rà níbẹ̀ sábà máa ń lọ sí ilé ìwé.